Rélùwéè Haramain láàárín Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà: ohun tó yẹ kí ará Ẹ̀pẹ́ tó ń lọ Úmúrà mọ̀

Bí ẹ bá ń lọ Úmúrà, tí ẹ sì ń rò ó bóyá bọ́ọ̀sì ni tàbí ọkọ̀ ojú irin, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin. Bọ́ọ̀sì a máa gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà láti Mẹ́kà dé Mẹ̀dínà. Ọkọ̀ ojú irin Haramain, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 450, oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àjà kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí.

Talgo ní Sípéènì ló ṣe ọkọ̀ náà, imú rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ. Ìrìn rẹ̀ tutù. Ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lókè ń fi eré han èrò: 180, 240, títí yóò fi di kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Àwọn àgbà tó ń fa tẹ̀súbáà pàápàá ń gbójú sókè wò ó. Àga olówó pọ́ọ́kú tó èèyàn jókòó dáadáa. Àmọ́ bí ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn bá wà pẹ̀lú yín, ẹ ra ti olówó gọbọi fún un, àyè ẹsẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ ju tibí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni míkáàtì, ìyẹn ààlà tí ẹni tó ń lọ ṣe Úmúrà kò gbọdọ̀ kọjá láìtíì gbé ìhúrámù wọ̀. Ẹni tó bá ń ti Mẹ̀dínà lọ ṣe Úmúrà, Dhul Hulayfah ni tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró níbẹ̀ kí èrò wẹ̀, kí wọ́n sì wọ ìhúrámù, aṣọ funfun méjì tí ọkùnrin ń ró. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró. Nítorí náà, ilé ìtura ni kí ẹ ti wẹ̀, kí ọkùnrin sì ti ró aṣọ funfun méjèèjì kó tó jáde nílé. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ dá àníyàn Úmúrà lọ́kàn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké Labaika, torí kò ní pẹ́ rárá tí ọkọ̀ yóò fi kọjá agbègbè náà. Ẹni tó kó ìhúrámù sínú àpò ńlá tó wà nídìí ilẹ̀kùn ti há: kó tó wá a rí, míkáàtì ti lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ kò sì láàyè tí èèyàn fi lè pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀pọ̀ àfáà ní ẹran pípa ni ìtánràn rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ń gba Jídà kọjá, ibùdókọ̀ méjì ló sì ń jẹ́ Jídà. Ọ̀kan wà ní pápákọ̀ òfurufú, èkejì, Sulaymaniyah, wà nínú ìlú. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì Sulaymaniyah yóò tún san owó takisí. Ti pápákọ̀ yẹn náà, Terminal 1 ló so mọ́. Bí bàálù yín bá ń gbéra níbòmíràn, ẹ fi wákàtí kan kún àkókò yín.

Orí fóònù ni ẹ ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi Àlàájà tàbí orúkọ oríkì kún un. Ẹ ti dé ibùdókọ̀ ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, nítorí wọ́n ń yẹ ẹrù wò, wọ́n sì ń ti géètì kí ọkọ̀ tó gbéra. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan, ẹ tètè rà á, àga kì í kù.

Ibùdókọ̀ Mẹ́kà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábà, Rusayfah ló wà. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú onítakisí kí ẹ tó gbé ẹrù sínú mọ́tò rẹ̀.