Mọ́tò háídrójìn mi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta: omi ló ń tọ̀, ẹ bi mí léèrè ibi tí èéfín rẹ̀ wà

Ẹnu ẹ̀rọ ló lẹ̀ mọ́ mọ́tò mi lára. Mo fà á, kò tu. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ilé epo kan ní Los Angeles tí wọ́n ti ń ta háídrójìn, gáàsì tí mọ́tò mi ń jẹ dípò bẹntiróòlù, mọ́tò márùn-ún ti tò sẹ́yìn mi, tí gbogbo wọn ń wò mí bí olè. Wọ́n máa ń mú gáàsì náà tutù dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo kó tó wọ táǹkì, yìnyín ló wá so wọ́n pọ̀ pinpin.

Mo pe nọ́ńbà ara ẹ̀rọ. Obìnrin tó gbé e ní kí n ní sùúrù díẹ̀. Díẹ̀ náà di ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Mo kà á. Mo tún pè, òun náà ló tún gbé e, ó tún ń bèèrè orúkọ mi lákọ̀tun!

Mi ò ní parọ́ ṣá, mo fẹ́ràn mọ́tò yìí. Kì í pariwo, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń kún, omi lásán ló sì ń tọ̀. Mo ti fi omi yẹn yangàn dé Ìbàdàn. Mọ́tò bátìrì ìyàwó mi ni mo máa ń bú, nítorí kóbáltì, irin inú bátìrì rẹ̀, tí àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó ń wà á ní Congo.

Ọmọkùnrin tó wá tú u níwà. Ó bẹ̀ mí, ohun tí obìnrin orí fóònù ò ṣe. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rí háídrójìn yìí. Ó ní tírélà díísù ló ń gbé e wá, pé ara gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù. Inú mi bàjẹ́. Kílò kan tí wọ́n bá yọ báyẹn ń tú bíi kílò 9 carbon dioxide, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́, gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kan náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá sì fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára omi, kílò kan ń jẹ bíi kilowatt-hour 55, màílì 65 péré ni mo sì ń fi rìn. Iná yẹn kan náà á gbé mọ́tò ìyàwó mi rin nǹkan bíi màílì 180.

Mo délé, mo ṣírò rẹ̀ fún un. Ó bu omi fún mi: “Ẹ mu omi, ọkọ mi. Àbí ti mọ́tò yín lẹ fẹ́?”

Káàdì epo ọ̀fẹ́ tó bá mọ́tò náà wá ti tán, mo sì ti ra kílò kan ní dọ́là 36 rí.

Máàkì mi: 4 nínú 5. Mo mọ̀. Ẹni tó bá wà á rí lójú ọ̀nà márosẹ̀ 405 lóru, tí kò sí go-slow, á yé e.