Khan Academy fún Ọmọ Girama Tó Fà Sẹ́yìn Nínú Ìṣirò: Àyẹ̀wò láti Kàbà

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi mí ní Kàbà, àti láti Ìsánlú àti Mọ̀pà pẹ̀lú, nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ àbúrò mi nílé ti pọ̀ débi pé ó yẹ kí n jókòó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Khan Academy ni a ń lò. Ètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní fídíò àti ìbéèrè ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí n tó ṣàlàyé ohunkóhun, èyí ni ìdájọ́ mi: fún ọmọ tó wà ní SS2 ṣùgbọ́n tí ìmọ̀ ìṣirò rẹ̀ ti dúró ní JSS1, n kò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ìdánwò WAEC rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí òbí rẹ̀ sì rò pé òun nìkan ni yóò fi múra sílẹ̀, kò tó rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ tí mò ń sọ yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú ìjàǹbá ọ̀kadà nígbà tó wà ní JSS2, ilé ìwòsàn àti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ni ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Nígbà tó padà, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbé e lọ sí kíláàsì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, láìbéèrè ohun tó ti fò ó. Ìṣirò kò dà bí ẹ̀kọ́ ìtàn tí ènìyàn lè fo orí kan nínú rẹ̀ kí ó sì ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ ìdá kò lè ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí kò mọ àwọn iye tó wà lábẹ́ òdo kò lè wá x. Ẹni tí kò bá sì lè wá x, kò sí ohun tó lè bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ SS1. Tíṣà lẹ́sìnnì tí àwọn òbí rẹ̀ gbà fún un ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà lẹ́sìnnì ń ṣe: ó ń tún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní kíláàsì lọ́jọ́ náà ṣe, ó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ náà sì ń gba máàkì láìmọ ohun tó fi gbà á. Owó ń lọ, ìmọ̀ kò wọlé. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ pinnu pé kí ó máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nílé fún ìgbà díẹ̀.

Bí ètò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Ní 2004, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Salman Khan, tó ń ṣiṣẹ́ ìdókòwò ní Boston ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọdébìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ náà ti kùnà nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí kíláàsì ìṣirò. Yíyí òṣùwọ̀n kan padà sí òmíràn ni kò yé e. Nígbà tí àwọn ẹbí yòókù gbọ́, wọ́n fi ọmọ tiwọn náà kún un. Ní 2006 ó bẹ̀rẹ̀ sí fi fídíò ẹ̀kọ́ sórí YouTube, ní 2008 ó sì dá Khan Academy sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Nínú àwọn fídíò rẹ̀, ẹ kò ní rí ojú rẹ̀. Pátákó dúdú ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ìkọ̀wé aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ń jáde bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ sì lè dá a dúró, kí ó dá a padà sẹ́yìn, kí ó tún gbọ́ gbólóhùn kan náà títí yóò fi yé e. Nínú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́, ta ni yóò na ọwọ́ sókè nígbà mẹ́rin lórí ohun kan ṣoṣo?

Ohun tí mo yìn jù nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń jẹ́ kí òbí mọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ́, ó sì gòkè dé calculus. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Course Challenge, tó ní ọgbọ̀n ìbéèrè tí wọ́n mú láti inú gbogbo orí ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí òfin tó ní kí ọmọ ti ka ẹ̀kọ́ náà tán kí ó tó ṣe é. Nítorí náà a fi ìdánwò yìí sọ̀ kalẹ̀ láti kíláàsì dé kíláàsì. A fi ti kíláàsì keje àwọn ará Amẹ́ríkà, tó súnmọ́ JSS1 wa, bẹ̀rẹ̀. Kò rí i ṣe. A sọ̀ kalẹ̀ sí ti kẹfà; díẹ̀ ni ó gbà. Ní ti kárùn-ún, ìlọ́po àti pínpín rẹ̀ dán mọ́rán, ó mọ ìwọ̀n, ó mọ igun, ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè tó jẹ mọ́ ìdá ni ó pàdánù. Ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà wà. Ọmọ SS2 ni, ohun tí wọ́n ń kọ́ ní praímárì ló ń dá a dúró, kò sì sí ẹni tó wá a débẹ̀ rí, nítorí pé ibi tí kíláàsì rẹ̀ wà ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí fi ọkàn sí èyí. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí sílébọ́ọ̀sì SS2 wà nítorí pé àkókò ń lọ, àkókò náà ni ẹ ó tún fi ṣòfò. Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi iṣẹ́ praímárì márùn-ún. Nílé, lórí fóònù, ẹnikẹ́ni kò rí i. Nọ́ḿbà kíláàsì hàn lójú ìwé lóòótọ́, ó sì kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìbéèrè tó tò tẹ̀ lé ara wọn, kò wo nọ́ḿbà náà mọ́. Àwọn ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Get ready for, tí wọ́n kó kìkì ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó wọ kíláàsì kan jọ; àwọn yẹn ni mo rí pé ó wúlò jù fún ọmọ tó dàgbà, nítorí wọn kì í fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tó ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí nígbà tí ó yé e. Wọ́n ní kí ó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/4. Ó ro ti òkè mọ́ ti òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó kọ 2/6, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ètò náà sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní ìtọ́sọ́nà, àwòrán ọ̀pá kan tí wọ́n pín sí mẹ́rin sì jáde, tí ìdajì gba ilé méjì nínú rẹ̀. Mo bu gàrí sí ìdajì kóńgò, mo tún bu ìdá mẹ́rin kún un, mo sì gbé e síwájú rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ó wo kóńgò, ó wo ìwé rẹ̀, ó gé 2/6 kù sí 1/3, ó wá ní: “Àǹtí, ẹ wò ó, 1/3 kéré sí ìdajì tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé gàrí máa ń dín kù nígbà tí ẹ bá ń bù kún un ni?” Kò tún ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fún un ní 3/4 àti 2/5, ó sọ méjèèjì di ìdá ogún, ó kọ 15/20 àti 8/20, ó sì kọ 23/20 láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀rọ̀.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé kí ọmọ má ṣe kúrò lórí ohun kan títí yóò fi mọ̀ ọ́n dáadáa, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Bloom ti kọ nípa rẹ̀ láti 1968. Bí ọmọ bá gba ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nínú iṣẹ́ kan, wọn yóò kọ Familiar (ó ti ń mọ̀ ọ́n) sí i. Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, ó di Proficient (ó mọ̀ ọ́n dáadáa). Kò sì lè dé Mastered (ó ti mọ̀ ọ́n tán) àfi tí ó bá tún gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò tó pa oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ pọ̀. Bí ó bá pàdánù rẹ̀ níbẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀. Èyí dára gan-an fún ọmọ tó ti mọ́ lára láti há nǹkan sórí fún ìdánwò kí ó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a lè gbé fóònù fún ọmọ kí a sì lọ sí oko. Àgbàlagbà lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀, kí ó so ti ọmọ mọ́ ọn, kí ó máa yan iṣẹ́ fún un, kí ó sì máa rí iye àkókò tó lò àti ohun tó gbà tàbí tó pàdánù. Èyí wúlò púpọ̀ fún bàbá tó wà ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá tí ọmọ rẹ̀ wà nílé. Síbẹ̀, ojú gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ. Ìdáhùn nìkan ni ẹ̀rọ náà ń rí, kò rí ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ibẹ̀, ọmọ sì lè máa méfò nínú ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un. Òfin tiwa ni pé ìbéèrè tí kò bá sí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé, a kò kà á sí, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ ní ó gbà á.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná, gbogbo wa ni a mọ bí ó ti rí ní àdúgbò wa. Fídíò máa ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n áàpù wọn lórí fóònù gba ènìyàn láàyè láti wa fídíò sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, kí ó sì wò ó nígbà tí kò sí. Iṣẹ́ ṣíṣe ni ó ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì jẹ dátà bíi fídíò. Fóònù tó ní ojú ńlá tó. Kò pọn dandan kí ẹ ra kọ̀ǹpútà.

Ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ kìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ WAEC. Ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe ètò yìí. Dọ́là ni owó inú ìbéèrè púpọ̀, máìlì àti ẹsẹ̀ bàtà sì máa ń jáde nínú òṣùwọ̀n wọn. Èyí kò ṣe nǹkan, ọmọ yóò fara mọ́ ọn. Ohun tó ṣe nǹkan ni pé àwọn orí kan wà tí WAEC kì í fi ṣeré, bíi lílo ìwé tábìlì olóòkà mẹ́rin fún logarithm, longitude àti latitude, bearing, àti ìṣirò ọjà lọ́nà tiwa, tí ẹ kò ní rí níbẹ̀ bí WAEC ṣe ń béèrè wọn. Ìwé kejì ìdánwò ìṣirò WAEC jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀: ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ ọ̀ranyàn ní apá kìíní, àti márùn-ún tí ọmọ yóò yàn nínú mẹ́jọ ní apá kejì. Ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣe iṣẹ́ ní máàkì tirẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ yóò sọ máàkì tó tọ́ sí i nù.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, kí ẹ sì tẹ sílébọ́ọ̀sì WAEC jáde kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. WAEC tún ní ojúewé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n kó ìròyìn àwọn olórí ayẹ̀wéwò sí, tí wọ́n ti sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe àṣìṣe nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ó wà. Mo ka ìròyìn wọ̀nyí ju ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé lọ, torí pé wọ́n fi hàn mí ohun tí ayẹ̀wéwò ń wá.

Físíìsì, kẹ́místírì àti bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, fídíò wọn sì dára fún òye, ṣùgbọ́n kò sí yàrá àyẹ̀wò nínú fóònù, WAEC sì ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, n kò gbani nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé e: àròkọ, àkékúrú àti ìró ohùn bí WAEC ṣe ń fẹ́ wọn kò sí níbẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa ni ó ń kọ́ ọmọ náà ní èyí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ náà ti kúrò lórí ìdá báyìí, ó ti wà nídìí wíwá x níbi tí àkámọ́ wà. Ohun tí a ti pinnu ni pé a óò máa lo Khan Academy títí yóò fi parí áljébrà ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀. Bí kò bá tíì ṣe tán nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe ìdánwò tiwọn, ìdánwò WAEC ti aládàáni wà, ti NECO tó máa ń wáyé ní ìparí ọdún náà sì wà. Àwọn òbí rẹ̀ ti gbà pé kí ó pẹ́ lọ́dún kan, kí ó sì gba krẹ́díìtì ìṣirò tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó fẹ́ kà ní yunifásítì ń béèrè.