Kásẹ́ẹ̀tì tàbí VCD fún fíìmù àtijọ́?

Ní ilé wa ní Àkúrẹ́, fíìmù Yorùbá àtijọ́ wà lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS àti lórí VCD. Tó bá jẹ́ ti àwòrán, kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì mọ́ ni mo fẹ́. Bí ijó bá gbóná, àwòrán kì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi ti VCD. Àmọ́ ọ̀rinrin máa ń mú kí téépù bu, ẹ̀rọ tó ń gbé e sì ti di àwátì ní Ọjà Ọba. VCD rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, ni wọ́n ṣe ń pín fíìmù kan sí méjì. Ayédèrú sì pọ̀ nínú rẹ̀, ó dùn mí gan-an! Kí òjò tó dé, mo fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì wa sórí kọ̀ǹpútà.