Swíìṣì oníbọ́ọ̀lù, onímẹ́kúrì, mọ́dúùlù àbí accelerometer: èwo gan-an lẹ fẹ́ rà?

Tẹ́ ẹ bá wá "tilt sensor" (ohun tó ń mọ̀ bóyá nǹkan ti fì) níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan Arduino, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń kọ kóòdù sí, ohun tó máa jáde á pọ̀ débi pé orí á fẹ́ẹ̀ máa yí yín, orúkọ kan náà ni wọ́n sì kọ sí gbogbo wọn lára. Àmọ́ nǹkan kan náà kọ́ o. Òmíì ò mọ̀ ju pé ó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbí kò tíì fì lọ, òmíì lè sọ iye dígírì tó fi fì, òmíì sì wà tó jẹ́ pé ìjìgìjìgì nìkan ló ń gbọ́. Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mò ń wá, àbí mo fẹ́ mọ bó ṣe fì tó? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ni, bí àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ti ṣí ìdérí àpótí tàbí bóyá nǹkan tó nàró ti ṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun ńlá fún yín.

Oníbọ́ọ̀lù

Eléyìí ló wọ́pọ̀ jù, SW-520D sì ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa rí jù. Agolo irin tíntìntín ni, ẹsẹ̀ méjì ló ní, bọ́ọ̀lù irin ló ń yí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e nàró, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù yẹn á so ojú iná méjèèjì pọ̀, iná á kọjá. Tó bá wá fì dé àyè kan, bọ́ọ̀lù á yí kúrò níbẹ̀, iná á já. Kò ní ẹsẹ̀ pósítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù, bó ṣe wù yín lẹ lè so ó.

Síso ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ò le rárá. Ẹsẹ̀ kan lọ sí GND (ojú òdo iná bọ́ọ̀dù), èkejì lọ sí pin (ojú tí bọ́ọ̀dù fi ń gba àmì) tó bá wù yín, ẹ wá kọ INPUT_PULLUP sínú kóòdù, kí rẹ́sístọ̀ inú bọ́ọ̀dù lè máa fa pin yẹn sókè, ó tán. Arduino Uno ti ní rẹ́sístọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) tiẹ̀ nínú, láàárín 20k sí 50k ohm, torí náà ẹ ò nílò láti ra òmíì. Ohun tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú ni pé tí swíìṣì bá pa ojú dé (ìyẹn tí iná ń kọjá), LOW ni bọ́ọ̀dù máa kà, tó bá ṣí (tí iná já), HIGH ló máa kà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má ronú pé ó ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ESP32 àtijọ́ (bọ́ọ̀dù míì tó jọ Arduino) lẹ ń lò, ẹ yẹra fún pin 34 sí 39 torí wọn ò ní rẹ́sístọ̀ nínú, àfi tẹ́ ẹ bá fi 10k síta fún un.

Àléébù ẹ̀ wà o. Bọ́ọ̀lù yẹn kì í dúró jẹ́jẹ́, á máa gbá ara ẹ̀ mọ́ irin kó tó fìdí kalẹ̀, bọ́ọ̀dù tó ń yára ka nǹkan á sì kà á bíi pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ yí nǹkan tẹ́ ẹ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú kóòdù lẹ ti máa yanjú ẹ̀: ẹ má gba ohun tó sọ gbọ́ àfi tí kò bá yí padà fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 50, kódà ẹ lè jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bọ́ọ̀lù máa ń pẹ́ ju bọ́tìnì lásán lọ kó tó dákẹ́. Bounce2, láíbúrárì tó wà fún Arduino, á bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ tó ń gbọ̀n lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ fi sílẹ̀, kóòdù kankan ò ní lè gbà yín. Ẹ má sì retí pé méjì tó wá nínú ọ̀rá kan náà á já ní dígírì kan náà. Bákan náà, iná kékeré ló lè gbé, ẹ má so ó mọ́ mọ́tò (ẹ̀rọ tó ń yí) tààrà: ẹ jẹ́ kó sọ fún pin, kí pin sọ fún tiransísítọ̀ tó lè gbé iná ńlá.

Onímẹ́kúrì

Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, ìdí sì wà níbẹ̀: mẹ́kúrì ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í pariwo, ojú iná ẹ̀ sì máa ń mọ́ ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Àmọ́ inú gíláàsì tíntìntín ló wà, tó bá fọ́, májèlé lẹ fọ́n sílé yẹn, èéfín ẹ̀ kì í sì í rùn débi tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ẹ ń mí i símú. Ọdún 2013 ni wọ́n fẹnu kò lórí àdéhùn Minamata láti dín mẹ́kúrì kù káàkiri àgbáyé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, ọdún 2020 sì ni wọ́n fi sí i pé kí wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe ọ̀pọ̀ swíìṣì onímẹ́kúrì àti kíkó wọn wọ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀ KY-017, tó jẹ́ swíìṣì onímẹ́kúrì, ṣì máa ń wà nínú àwọn àpótí sẹ́ńsọ̀ 37 tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, àní fún ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ ọ́ sínú pàǹtírí lásán, tó bá sì fọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Swíìṣì lásán àbí èyí tó wà lórí mọ́dúùlù (bọ́ọ̀dù kékeré tiẹ̀)?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. KY-020 ò ju swíìṣì oníbọ́ọ̀lù àti rẹ́sístọ̀ 10k lórí bọ́ọ̀dù kékeré lọ. Èkejì, tó ní LM393 (chip tó ń fi iná méjì wéra) lórí, ní nǹkan búlúù kan tẹ́ ẹ lè fi skúrúdiráfà yí, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé ìyẹn lẹ máa fi yan dígírì tí swíìṣì á ti já. Rárá o! Swíìṣì tó wà níwájú ẹ̀ ò mọ̀ ju ṣíṣí àti pípa lọ, yíyí yẹn ò lè jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí yára tàbí kó pẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí dígírì padà, bẹ́ẹ ṣe gbé swíìṣì náà sí gan-an lẹ máa yí. Iná kékeré tó ń tàn lórí mọ́dúùlù yìí náà á máa jẹ báàtìrì tọ̀sán-tòru. Ó wúlò fún ẹni tí ò ní irin ìjó-òjé (soldering iron) tó fẹ́ fi wáyà so nǹkan wéré, ìyẹn nìkan ni mo rí tí mo lè fi gbà á.

Ẹ tún wo nọ́ńbà ara agolo dáadáa. SW-420 àti SW-18010P jọ SW-520D gan-an, wọ́n sì máa ń wà lórí mọ́dúùlù tó rí bákan náà, àmọ́ ìjìgìjìgì ni wọ́n wà fún.

Accelerometer

ADXL345, LIS3DH, MPU-6050: àwọn yìí ń ka bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan mọ́ra ní ìhà mẹ́ta, ẹ lè wá fi atan2, iṣẹ́ ìṣirò kan nínú kóòdù, ṣírò dígírì. Wáyà méjì ti I2C (ọ̀nà tí chip fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀) ló ń lò yàtọ̀ sí ti iná, àdírẹ́sì MPU-6050 sì ni 0x68, tàbí 0x69 tẹ́ ẹ bá so ẹsẹ̀ AD0 mọ́ iná. Tó bá jẹ́ róbọ́ọ̀tì tó ń dúró lórí táyà méjì lẹ fẹ́ ṣe, tàbí ohun tó yẹ kó sọ bó ṣe fì tó, ibí yìí nìkan lẹ lè wá, bọ́ọ̀lù ò lè ṣe é. Kí ẹ mọ̀ pé tí nǹkan náà bá ń sáré tàbí ń gbọ̀n, dígírì á máa fò síbí sọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí gyro (ohun tó ń ka bí nǹkan ṣe ń yára yí) inú MPU-6050 fi dáa. Kóòdù ẹ̀ gùn ju ti swíìṣì lọ. Nǹkan 3.3V sì ni àwọn chip yìí, ẹ rí i dájú pé bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e lé gba 5V kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ Uno.

Kẹ́ ẹ tó rà á rárá, ẹ wo bọ́ọ̀dù yín. Accelerometer ti wà lórí bọ́ọ̀dù micro:bit, ó wà lórí Circuit Playground Express àti Arduino Nano 33 BLE.

Ti báàtìrì

Ibí ni oníbọ́ọ̀lù ti ta gbogbo wọn yọ. Tó bá ṣí, kò gba iná kankan. MPU-6050 tí gyro ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń jẹ ju mílíámpù 3 lọ (ADXL345 kéré gan-an sí i). Torí náà, ẹ gbé swíìṣì sí kó jẹ́ pé ṣíṣí ló máa wà lọ́pọ̀ ìgbà, kó pa ojú dé nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ESP32 sùn kí pípa yẹn sì jí i. Tí kò bá sí bẹ́ẹ ṣe lè ṣe é tó máa ṣí, ẹ fi rẹ́sístọ̀ 1M síta dípò èyí tó wà nínú bọ́ọ̀dù, ìwọ̀nba máíkíróámpù 3 péré láá máa kọjá lórí 3.3V.

Ẹ ra bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ bá mú oníbọ́ọ̀lù, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kán tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, àti pé méjì tẹ́ ẹ bá gbé kọ́ra lè sọ ìhà mẹ́rin fún yín. Tí wọ́n bá ti dé, ẹ gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná (multimeter) sí ibi tó ti ń dún, ẹ fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ rọra yí agolo náà: tó bá dún nígbà tí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó sì dákẹ́ nígbà tó dojú dé, ẹ lò ó, èyí tó bá ń dún ṣáá tàbí tí ò dún rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.