Dinkins ní 1992, de Blasio ní 2014: ìjà ọlọ́pàá pẹ̀lú olórí ìlú New York

Nínú ìjà méjèèjì yìí, ti ọdún 1992 ló burú jù lójú tèmi. David Dinkins, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ará New York dìbò yàn ṣe olórí ìlú, fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí aráàlú bá fi kan ọlọ́pàá bọ́ pátápátá sọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bí 10,000 ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ya bo Gbọ̀ngàn Ìlú, ibi iṣẹ́ olórí ìlú, láti tako èyí. Àwọn kan ń fò lórí ọkọ̀, àwọn kan dí afárá Brooklyn, àwọn mìíràn sì gbé àkọlé tó fi àwọ̀ ara Dinkins bú u.

Ọ̀fọ̀ wà nínú ti Bill de Blasio. Lẹ́yìn ikú Eric Garner, ẹni tí ọlọ́pàá fún lọ́rùn, ó sọ ní gbangba pé òun ti kìlọ̀ fún ọmọ òun, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pé kó máa ṣọ́ra níwájú ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá méjì nínú ọkọ̀ wọn ní Brooklyn ní oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ẹ̀yìn sí de Blasio níbi ìsìnkú nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ wọn tọ́, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dín mímú ọ̀daràn àti kíkọ ìwé ìtanràn kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò tọ́, nítorí owó aráàlú ni wọ́n ń gbà.

Ìgbìmọ̀ Dinkins bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, ọdún kan náà tí Rudy Giuliani, tó bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ níbi ìwọ́de náà, fi ìbò borí rẹ̀. De Blasio tún wọlé ní 2017.