Nestlé Èkó àbí Nestlé Abidjan: èwo ni kí ará Àjàṣẹ́ ra ìpín rẹ̀?

Kò sí àtẹ èròjà ọbẹ̀ tí ẹ ó dé lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ẹ ò ní bá Maggi níbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ rò pé Nestlé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, ò lè jẹ gbèsè. Ó lè jẹ ẹ́ dáadáa.

Nestlé Nigeria, tó nílé iṣẹ́ ní Àgbárá lọ́nà Badagry, ti wà lórí ọjà ìpín Èkó láti 1979. Ní 2022, ó tajà bíi bílíọ̀nù 447 náírà, ó sì jèrè bíi 49. Ní 2023, ọjà títà gòkè dé bílíọ̀nù 547, síbẹ̀ àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 79 ló fi kádìí ọdún. Gbèsè owó òkèèrè ló fà á. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, iye gbèsè ọ̀hún ní náírà wú. Kí ọdún tó parí, gbèsè ti ju ohun ìní lọ. Ní 2024 ńkọ́? Ọjà títà sún mọ́ bílíọ̀nù 959, àdánù sún mọ́ 165. Lóòótọ́, ó tún jèrè ní ìdajì àkọ́kọ́ 2025.

Nestlé Côte d'Ivoire wà lórí BRVM, ọjà ìpín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abidjan ní 1998. Yúrò kan jẹ́ 655,957 sẹ́fà, kì í yẹ̀, nítorí náà gbèsè yúrò ò lè dédé wú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tiwọn ni owó èròjà tó bá wọ́n. Nínú ìwé ọdọọdún wọn, ẹ wá ìlà capitaux propres, ìyẹn ohun tó kù bí a bá yọ gbèsè kúrò nínú ohun ìní: bí àmì àyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, gbèsè ti borí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá owó tó wọlé látinú ọjà gan-an tó èrè tí wọ́n ń pín. Ọjà Abidjan ò yá tó ti Èkó. Ẹ lè fẹ́ tà kẹ́ ẹ má tètè rí ẹni rà.

Ní tèmi, bó bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ, Abidjan ni, ní ọ̀dọ̀ SGI kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ alágbàtà ìpín, ní Kútọnu. Sẹ́fà la ń ná, èrè náírà sì máa ń rù ká tó ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà ní ẹnubodè Igolo. Ti Èkó, ẹ dúró kí ohun ìní borí gbèsè fún ọdún méjì léra kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò.