RV tí ẹ máa gbé lọ sí Fort Donelson: èwo ló yẹ kí ẹ fowó rà?

Tí ẹ bá ń ra RV, ìyẹn ilé orí táyà, torí pé ẹ fẹ́ máa wo àwọn pápá ogun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì máa sùn létí omi, ẹ fi ọ̀rọ̀ iye bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ máa fi rìn kiri lẹ́yìn tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí ibùdó. Fort Donelson, odi Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ni màá fi ṣàlàyé, torí pé pápá ogun àti adágún wà nítòsí ara wọn níbẹ̀.

Ìlú Dover, létí odò Cumberland, ni pápá ogun náà wà. Ibùdó Piney wà níhà ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, létí adágún Kentucky, nínú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Land Between the Lakes. Agbègbè yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Ulysses Grant, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, gbà kọjá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1862, nígbà tí wọ́n ń ti odi Fort Henry bọ̀. Ooru mú lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ju kóòtù àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sọnù lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní oṣù Kejì, kó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà bóyá wọ́n bo táǹkì omi abẹ́ mọ́tò, tí híítà sì ń dé ibẹ̀. Páìpù tí omi bá dì nínú rẹ̀ máa ń bẹ́ ni.

Class A àti ilé tí a ń fà

Class A ni mọ́tò ilé tó gùn jù, láti ẹsẹ̀ bàtà 26 títí dé 45. Ó tuni lára gan-an, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù epo kan kì í sábà gbé e ju máìlì 6 sí 10 lọ. Ọ̀nà tí wọ́n là fún wíwo Fort Donelson tó nǹkan bí máìlì 6, ibi ìdúró sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ta ló fẹ́ máa wá àyè páàkì fún mọ́tò ẹsẹ̀ bàtà 38 ní gbogbo ibi tó bá ti sọ̀kalẹ̀? Ẹ máa ní láti fa mọ́tò kékeré sẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn sì tún jẹ́ owó irin ìfà àti búréèkì.

Ilé tí a ń fà kò ní ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyí tó fi wọ́n kéré sí Class A. Ẹ já a sílẹ̀ ní Piney, ẹ so ó mọ́ iná, ẹ sì gbé píkọ́ọ̀pù yín lọ sí Dover. Lójú tèmi, òun ló dára jù fún ìdílé tó ní ọmọ.

Ìwọ̀n ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà o. Ọlọ́jà á ní, "Píkọ́ọ̀pù yín lè fa 9,000 pọ́ùn." Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀: iye ẹrù tí mọ́tò lè rù wà níbẹ̀. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilé náà ló máa ń jókòó sórí ìkọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Bí ilé bá wọn 6,000 pọ́ùn pẹ̀lú ẹrù, 600 sí 900 ti lọ. Ìyàwó, ọmọ àti kúlà, inú èyí tó kù ni gbogbo wọn máa wà.

Class B àti Class C

Class B, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ di ilé, dára fún tọkọtaya. Ó ń wọ ibi tí mọ́tò kékeré bá ń wọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde ni ẹ máa tú wáyà iná, kó abọ́, palẹ̀ mọ́. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré: ọ̀pọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́ sórí Mercedes Sprinter ló kọjá 100,000 dọ́là. Class C, mọ́tò ilé tó tóbi ju Class B lọ tó sì kéré sí Class A, ló wà láàárín. Ó gba ọmọ, ẹ kò sì ní fa nǹkan kan.

Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ ọkọ̀ kékeré tí ẹ máa fi rìn kiri rèé. Lẹ́yìn tí Simon Buckner, ọ̀gágun àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò, túúbá fún Grant ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, àwọn ẹrú tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ ilẹ̀ Áfíríkà sá lọ sí odi náà láti wá òmìnira. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọmọ ogun ìjọba, àwọn ọkùnrin kan sì wọṣẹ́ ológun níkẹyìn. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá fi eré kọjá níbẹ̀ torí pé kò ráyè páàkì.

Kí ẹ tó sanwó

Iná 30 amp ní ibùdó kò ju 3,600 wáàtì lọ. 50 amp ń fúnni ní 12,000. Tí RV bá ní AC méjì, 50 amp ni kí ẹ wá, torí ooru Tennessee kì í ṣeré. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ àti lábẹ́ fèrèsé. Tó bá rọ̀, omi ti wọ igi. Ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Kí ọlọ́jà sì tan híítà, AC àti fíríìjì lójú yín.